Ọjọ́ Tí Àna Mi Kó Wa Lọ Sódò

Nígbà tí ìyàwó mi bí ọmọ wa kejì, ìyá rẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá wa gbé ní Ṣàngó, ní Ìlọrin, kó lè máa wẹ ọmọ, kó sì máa fi omi gbígbóná tọ́jú ìyá ọmọ. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn, kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé obìnrin náà kò lè jókòó. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, yóò ti gbá iwájú ilé àti ẹ̀yìn ilé, yóò ti fọ abọ́ tí kò dọ̀tí, yóò ti pọn omi kún gbogbo ohun tó lè gba omi. Bí mo bá jí, tí mo dọ̀bálẹ̀ kí i, màá bá a níbi tó ti ń wá iṣẹ́ mìíràn kiri.

Ẹ̀yìn ilé tí a ń gbé kọjú sí odò kan. Mo ń pè é ní odò nítorí pé bàbá onílé pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń fi ilé hàn wá. Lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, omi ibẹ̀ kì í ju ohun tí èèyàn lè fò kọjá lọ. Pàǹtírí ló kún un: ọ̀rá omi, ike ẹlẹ́rìndòdò, páńpáàsì, táyà, bàtà ẹlẹ́sẹ̀ kan, aṣọ tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó wọ̀ ọ́ rí. Ìgbà òjò ni ó máa ń rántí pé odò ni òun. Lọ́dún tó ṣáájú, ó wọ ilé ìdáná wa lọ́sàn-án gangan, ó gbé ìkòkò ìyàwó mi léfòó, ó sì fi ẹrẹ̀ àti ọ̀rá sílẹ̀ fún wa nígbà tó ń padà lọ. A kó o, a fọ ilẹ̀, a sì gbàgbé. Ká má purọ́, èmi ni mo gbàgbé. Ìyàwó mi kò gbàgbé rárá, torí àtìgbà náà ló ti ń gbé ìkòkò rẹ̀ sókè téńté bí ojú ọ̀run bá ti ṣú.

Ìyá ìyàwó mi kò bá wa rí ìkún omi yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ẹ̀yìn ni ó máa ń jókòó sí bó bá ti wẹ ọmọ tán, tó tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ tó ń fi òrí pa á lára. Ibẹ̀ ló ti ń wo odò náà. Lọ́jọ́ kan, ó bi mí pé kí ni orúkọ rẹ̀. Mo ní n kò mọ̀. Ó bi ìyàwó mi, òun náà kò mọ̀. Ó wò wá títí, ó ní ṣé ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ ni a wá ń bá gbélé láti ọjọ́ yìí. 

Nọ́ọ̀sì kan wà ní àdúgbò wa, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa. Ilé ìwòsàn kan lápá Fate ló ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe aláriwo, àmọ́ bó bá ti di ọ̀rọ̀ kan mú, kì í jọ̀wọ́ rẹ̀. Òun ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ odò yìí. Ó ń lọ láti ilé dé ilé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń sọ fún wa pé kí a jáde láàárọ̀ Sátidé, kí a kó pàǹtírí inú odò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Kò bèèrè owó. Ó ní ẹni tó bá ní ṣọ́bìrì kó mú ṣọ́bìrì, ẹni tó bá ní àpò ìrẹsì kó mú àpò, ẹni tí kò ní nǹkan kan kó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wá.

Mo ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Challenge, níbi tí mo ti ń tẹ káàdì ìpè àti kàlẹ́ńdà. Ìparí ọ̀sẹ̀ ni àwọn oníbàárà máa ń fẹ́ gba iṣẹ́ wọn, nítorí náà ó máa ń rẹ̀ mí tẹnutẹnu ní Fúráìdè, oorun àárọ̀ Sátidé ni mo sì fi ń san gbèsè ara. Mo dá nọ́ọ̀sì lóhùn pé Ọlọ́run á jẹ́ ká rí i. Gbogbo ẹni tó gbọ́ Yorùbá ló mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Nọ́ọ̀sì pàápàá mọ̀ ọ́n, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àna mi wà lẹ́yìn mi níbi tó ti ń sá aṣọ ọmọ. 

Láàárọ̀ Sátidé, ìró ṣọ́bìrì tí ẹnì kan ń wọ́ lórí sìmẹ́ǹtì ló jí mi. Mo yọjú lójú fèrèsé. Àna mi ni mo rí. Ó ti ká ìró sókè dé orúnkún, ó ti fi gèlè àtijọ́ wé orí, ó wọ bàtà òjò mi, ó sì ń wọ́ ṣọ́bìrì mi lọ sí ọ̀nà odò. Ó ti wẹ ọmọ, ó ti gbé e fún ìyá rẹ̀. Mo sáré jáde, mo dọ̀bálẹ̀ nínú ìrì, mo ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ nínú ilé. Iṣẹ́ yẹn kì í ṣe tiyín.”

“Ẹ padà lọ sùn, àna mi,” ló wí, ohùn rẹ̀ tutù. “Mo gbọ́ nígbà tí ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ilé yìí máa wá. Mo ní kí n lọ dúró fún yín ni.”

Ta ló lè padà lọ sùn lẹ́yìn ìyẹn? Kí wọ́n wá sọ pé ọkùnrin kan nà gbalaja sórí ibùsùn, ìyá ìyàwó rẹ̀ sì ń kó pàǹtírí lódò? Ọ̀rọ̀ náà á ti dé Èjìgbò, ìlú wa, kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá mi á sì pè mí lórí fóònù. Mo wọ ṣòkòtò tó gbó, mo ti ẹsẹ̀ bọ sáńdààlì tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́, nítorí pé bàtà òjò mi ti lọ, mo sì tẹ̀lé e.

A kò pọ̀ lódò. Nọ́ọ̀sì ti débẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tó rà fún gbogbo wa. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gẹrun fún èèyàn létí títì. Tíṣà kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Alfa àdúgbò wa náà wà níbẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ Ìlọrin pọ́ńbélé, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú ní iwájú ilé rẹ̀. Ó ti ki etí jàlàbíà rẹ̀ bọ inú ṣòkòtò, ó sì mú ọkọ́ dání. Àwọn tó ń kọjá lórí títì ń dúró wò wá. Ọlọ́kadà kan bèèrè pé èló ni ìjọba ń san fún wa. Alfa gbé orí sókè, ó dá a lóhùn pé wọ́n ti san tiwa, kó sọ̀ kalẹ̀ wá gba tirẹ̀. Àwọn tó gbọ́ rẹ́rìn-ín. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé ọkùnrin náà gbé ọ̀kadà rẹ̀ dúró lóòótọ́, ó ká ṣòkòtò sókè, ó sì bá wa ṣiṣẹ́ títí a fi parí.

Nọ́ọ̀sì gbé àga kan sí bèbè fún àna mi kó lè jókòó máa wò wá. Àga náà kò rí i títí ọjọ́ fi lọ. Ó ń fi ṣọ́bìrì wọ́ ọ̀rá jáde, ó ń kì í sínú àpò, ó ń so ẹnu àpò, ó sì ń sọ fún àwọn onígẹrun méjèèjì bí wọ́n ṣe máa gbé e. Láàárín iṣẹ́ ni ó bi Alfa léèrè orúkọ odò náà. Alfa gbára lé ọkọ́ rẹ̀. Ó ní oko ni gbogbo ibí yìí nígbà tí òun wà lọ́mọdé, bàbá òun sì ní oko ẹ̀gẹ́ lókè ọ̀hún. Ó ní èèsún ló hù lọ́tùn-ún lósì bèbè yìí nígbà náà, nítorí náà Eléèsún ni wọ́n ń pe omi yìí, àwọn ìyá òun a sì máa fọ aṣọ níbẹ̀. Àna mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún lẹ́bùn. Ó yíjú sí mi, ó ní, “Ẹ ti gbọ́ ọ báyìí.”

Fóòmù kan wà lábẹ́ afárá kékeré, ti ibùsùn ńlá. Ó ti mu omi yó, koríko ti hù lórí rẹ̀, òun gan-an ló sì dí omi. Alfa di igun kan mú, èmi di ìkejì, àwọn onígẹrun dì í mú lẹ́yìn. Alfa ní “Bísímílà”, a fà á. Kò mì. Ó tún wí i, a tún fà á. Nígbà tí a tún fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, igun tó wà lọ́wọ́ mi ya, mo sì fi ìdí jókòó sínú omi dúdú náà títí dé àyà, ègé fóòmù ń bẹ lọ́wọ́ mi bí ègé búrẹ́dì.

Gbogbo wọn wo àna mi. Èèyàn kì í fi àna rẹ̀ rẹ́rìn-ín, àna mi sì mọ òfin yìí jù wá lọ. Ó kẹ́yìn sí mi, ó fi etí ìró bo ojú, mo sì rí èjìká rẹ̀ tó ń mì. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yíjú padà.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, àna mi,” ló wí. “Ṣé omi náà kò tutù jù?”

Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ búsẹ́rìn-ín, àwọn yòókù sì gbà á lẹ́nu mi. Alfa rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti jókòó sórí àga tí àna mi kọ̀. Nígbà tí a tún di fóòmù náà mú, ó jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni pé ẹ̀rín ló ń dúró dè. Omi tó ti há sẹ́yìn rẹ̀ ya kọjá láàárín ẹsẹ̀ wa. Ìyàwó Alfa gbé wàrà díndín àti ẹ̀kọ wá fún wa. A jókòó sí bèbè, a jẹun tòun ti òórùn ara wa.

Ìṣòro wá ku ọ̀kan. A ti kó àpò jọ gègèrè sí bèbè, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n ṣèlérí fún nọ́ọ̀sì pé yóò wá kó o kò wá. A dúró títí di ìrọ̀lẹ́, a sì tú ká. Nígbà tí a jí lọ́jọ́ kejì, ọ̀rá omi tuntun ti fọ́n ká síbi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú mọ́. Kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó tó láti ba èèyàn lọ́kàn jẹ́. Mo bá nọ́ọ̀sì lórí afárá, ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì. Ọ̀kan nínú àwọn onígẹrun ní bí èèyàn bá ń gbọ́n omi inú agbada, tí ẹlòmíràn sì ń dà á sí i, kí la fẹ́ pe ìyẹn. Èmi náà rò pé òótọ́ ló sọ. Ó dùn mí ju bí mo ṣe rò pé ó lè dùn mí lọ, èmi tí n kò fẹ́ dìde lórí ibùsùn lánàá.

Àna mi dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó wo omi, ó wo gbogbo wa. Ó ní ẹni tó ń dà á sí i lókè kò mọ̀ pé ẹnì kankan wà nísàlẹ̀, a kò sì tíì kí i rí. Ó ní kí á lọ kí i.

Báyìí ni a ṣe gbéra lọ́jọ́ náà lẹ́yìn tí Alfa kírun àsárì tán. Àna mi àti Alfa ṣáájú, nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé wọn, èmi sì ń bọ̀ lẹ́yìn, mo ń fi agbòjò ṣíji bo àna mi. Etí odò ni a ń tọ̀ lọ sókè. Ilé obìnrin kan tó ń ta gáàsì ìdáná ni a kọ́kọ́ yà sí. Àna mi kò mẹ́nu ba pàǹtírí rárá. Ó kí i, ó bèèrè ọmọ, ó ní àlejò ni òun, ọmọ tuntun ni òun wá tọ́jú, omi tó ń kọjá lẹ́yìn ilé tirẹ̀ yìí ló sì ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà. Alfa ṣàdúà fún ọjà obìnrin náà. Ìgbà náà ni wọ́n wá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Obìnrin náà kẹ́dùn, ó sì nàka sí òkè. Ó ní, “Màmá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa. Òkè ló ti ń wá.”

A lọ sókè. A bá àwọn tó ń fọ mọ́tò. Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì fún wa, wọ́n tẹ́tí sílẹ̀, wọ́n sì nàka sókè. A dé ilé gbọọrọ kan tí àwọn ayálégbé kún inú rẹ̀. Bàbá onílé ibẹ̀ fún wa lómi mu, ó bú àwọn ará òkè díẹ̀, ó sì nàka sókè. Ibi gbogbo tí a dé, bẹ́ẹ̀ ni. Alfa sọ fún mi pé bí a bá ń bá a lọ báyìí, a máa dé Jẹ́bà.

Òpin odò náà, tàbí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ni a wá bá ara wa. Omi ń sun jáde lábẹ́ àpáta kan, ó mọ́ gaara, ó sì tutù débi pé àna mi bù ú bọjú. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ọgbà àwọn mẹkáníìkì wà, tí òkú ọkọ̀ kún inú rẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀, ọkùnrin gàgàrà kan, yọ orí jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó nu ọwọ́, ó dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àgbà méjèèjì. Alfa ṣàlàyé ohun tó gbé wa wá, ó sì dárúkọ Eléèsún fún un. Ọ̀gá mẹkáníìkì mi orí, ó la ẹnu, ó sì gbé apá sókè láti nàka bíi ti gbogbo àwọn yòókù.

Apá náà dúró lókè. Kò sí ilé lókè mọ́. Àpáta nìkan ló wà níbẹ̀, àti ewúrẹ́ kan tó dúró sórí rẹ̀ tó ń jẹ̀ kiri. Ọkùnrin náà wo ewúrẹ́, ó wò wá, ó tún wo ewúrẹ́. Ó rọra sọ apá kalẹ̀.

“Màmá,” ló wí, “kò sókè mọ́. Àwa ni.”

Alfa ní kó má sọ bẹ́ẹ̀, bóyá ewúrẹ́ ni. Ọ̀gá mẹkáníìkì bú sẹ́rìn-ín, ó rín in débi pé àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ sáré wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tó mí, ó sọ fún wa pé àwọn tó ń fi ọmọlanke kó pàǹtírí máa ń wá dà á síbẹ̀ ní ìdájí, òun àti àwọn ọmọṣẹ́ òun sì ti ń da tàwọn mọ́ ọn, nítorí àwọn rò pé omi kàn ń gbé e lọ síbi kan ni. Ó ní òun kò ronú kàn án rí pé ibi kan yẹn lórúkọ, òun kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà á síbẹ̀ mọ́. Ó bèèrè ibi tí a kó àpò tiwa sí. Nígbà tó gbọ́ pé a kò rọ́kọ̀, ó nàka sí ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tí mo rò pé òkú ni. Ó ní ó ń rìn, bí wọ́n bá bá a sọ̀rọ̀ dáadáa.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a kò mọ ibi tí èèyàn ti ń yọ. Ọ̀gá mẹkáníìkì dé pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀ àti àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń fọ mọ́tò dé. Obìnrin onígáàsì dé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, bàbá onílé gbọọrọ sì kó àwọn ayálégbé rẹ̀ wá, ó ń pàṣẹ fún wọn bíi sójà. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ láti òkè, àwa bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, a sì ń lọ pàdé ara wa. Ìgbà tí oòrùn yẹ kó mú gan-an ni ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀. Atẹ́gùn dé. Gbogbo wa mọ̀ pé bí òjò bá bá àpò wọ̀nyẹn ní bèbè, inú odò ni wọ́n máa padà sí.

N kò rí irú eré bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn èèyàn tò láti bèbè dé títì, a ń ju àpò láti ọwọ́ dé ọwọ́. Àna mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ń sọ bí wọ́n ṣe máa tò ó kó lè gbà. Ọkọ̀ náà kú lẹ́ẹ̀kan, ọ̀gá mẹkáníìkì bọ́ sílẹ̀, ó bá a sọ̀rọ̀ dáadáa, a sì tì í. Ó lọ sí ààtàn ìjọba, ó bọ̀, ó tún lọ. Ẹ̀kán òjò tó kọ́kọ́ bọ́ lu mí ní imú bí ẹrù ìkẹyìn ṣe ń yí kọ́nà títì lọ.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ilé wa ni gbogbo wa sá sí. A há mọ́ra bí ìṣáná nínú páálí, omi ń ro lára wa. Ìyàwó mi gbé ọmọ jáde láti wá wò. Òjò náà rọ̀ gidi. Omi Eléèsún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó pọ́n, ó ń hó, ó dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn wa. Mo rí i tí ìyàwó mi ń wo ìkòkò rẹ̀. Omi náà gba abẹ́ afárá kọjá, ó kọjá, ó ń kọjá, kò sì gun àtẹ̀gùn kan ṣoṣo.  Alfa ló kọ́kọ́ dá Ọlọ́hun lọ́pẹ́, ó ní kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí i. A ní àmín.

Nígbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọrùn dúró, àna mi ní ó tó gẹ́ẹ́, ilé ń pe òun. Èmi ni ó ṣòro fún jù, n kò sì lè sọ ọ́ fún ìyàwó mi kó má baà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ará òkè àti ará ìsàlẹ̀ ló wá sin ín. Obìnrin onígáàsì ra aṣọ fún un, ìyàwó Alfa di wàrà fún un, ọ̀gá mẹkáníìkì sì ní òun fúnra òun ni òun máa gbé e dé Ògbómọ̀ṣọ́, nínú ọkọ̀ tí kò nílò ìbánisọ̀rọ̀. Àna mi fi ọwọ́ lé orí mi níbi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí, ó súre fún mi pẹ́, ó ní òun gbádùn ilé mi. Ọkọ̀ ṣí, gbogbo wa sì ń juwọ́ títí ó fi yà.

A dúró síbẹ̀ bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ níléèwé. Alfa fa irùngbọ̀n, ó bi wá pé ta ni yóò wá máa ṣáájú wa báyìí. Nọ́ọ̀sì wò ó tìyanu-tìyanu, ó ní ṣebí òun lòun bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ odò yìí. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́kàn gbogbo wa pátápátá. A rẹ́rìn-ín, Alfa tọrọ gáfárà, a sì dá ipò aṣáájú padà fún un. Ní Sátidé tí a tún fi lọ, òun ló kọ́kọ́ dé odò, èmi ni mo ṣe ìkejì.